Òórùn Ọwọ́ Rẹ

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Wọ́n ti ti odò pa. Láti ìparí oṣù September, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀ sí ẹja tíráòtù nínú odò Wandle ní Lọ́ńdọ̀nù níbí mọ́, ó di oṣù April. Wọ́n ní kí ẹja ráyè yé ẹyin. Òfin náà dára, mo sì fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n òní ló pé ọjọ́ kọkànlá tí mo ti gbóòórùn ẹja lọ́wọ́ mi kẹ́yìn, ara mi kò sì gbà á mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti bébà yìí.

Mo mọ̀ pé wàá bi mí pé ṣé fóònù ti bàjẹ́ ni. Kò bàjẹ́. A sọ̀rọ̀ lánàá, mo rí ojú rẹ, mo gbọ́ ohùn Morẹ́nikẹ́ tó ń ka A B D lẹ́yìn rẹ, mo rí èéfín ààrò tó ń gba ẹ̀gbẹ́ orí rẹ kọjá. Ohun tí fóònù kò lè gbé ni mo ń wá.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ fi fọ́tò ẹja kan ránṣẹ́ sí ọ, nínú oṣù August ọdún tó kọjá, o bi mí pé mélòó ni mo rí pa. Mo ní ẹyọ kan. O ní ṣé mo ti sè é. Mo ní mo ti dá a padà sómi. O dákẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti já. Lẹ́yìn náà lo wá sọ pé, “Bàbá Morẹ́nikẹ́, ẹ mú ẹja tán, ẹ tún dá a padà?” Kò sí ẹ̀gàn nínú ohùn rẹ, ìyàlẹ́nu ni. Ìwọ tí o mọ ẹja ní owó ilé-ìwé, tí o mọ̀ ọ́n ní owó ilé àti owó oògùn ìyá rẹ, ìwọ tí o ń jí ní aago mẹ́rin kí o lè bá ọkọ̀ àwọn apẹja ní èbúté Aṣéjìrè, báwo ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe fẹ́ yé ọ? Mi ò rí èsì fún ọ lọ́jọ́ náà. Mo ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn. Èsì ọmọdé ni. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá èsì gidi.

Jẹ́ kí n mú ọ dé odò náà ná. Odò kékeré ni, ibòmíràn wà tí o lè fò ó kọjá bí o bá ká ìró rẹ sókè. Àwọn ìsun rẹ̀ wà ní Croydon àti Carshalton, ó sì ń ṣàn láàárín ilé àti ọgbà àti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù títí tó fi bọ́ sínú odò Thames ní Wandsworth. Gbogbo ìrìn rẹ̀ kò ju nǹkan bí máìlì 9 lọ. Láti ilé ìtọ́jú arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ òru, ìṣẹ́jú 20 ni mo fi ń rìn débẹ̀. Òkè tó wà lápá gúúsù ìlú, ẹfun ni. Òjò á rọ̀ sórí ẹfun yìí, ẹfun á fà á mu, omi á wà nínú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kó tó wá sun jáde nísàlẹ̀ òkè láìní ẹrẹ̀ kankan. Nígbà ooru àti nígbà yìnyín, òtútù rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ lójú ìsun. Omi àfòwúrọ̀pọn ni mo máa ń rántí bí mo bá ti ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Púpọ̀ jù nínú irú odò ẹfun báyìí tó wà láyé, ilẹ̀ England ló wà.

Bí o bá dúró sórí afárá Carshalton, wàá lè ka òkúta ìsàlẹ̀. Bí o bá ṣe sùúrù, wàá rí i pé ọ̀kan nínú àwọn òkúta náà ń mi ìrù. Tíráòtù nìyẹn. Ó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ ọmọdé, ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí igi ọ̀pẹ tó ti rẹ lómi, ìhà rẹ̀ ní àmì tóótòòtó dúdú àti pupa, pupa kọ̀ọ̀kan sì ní òrùka tó mọ́lẹ̀ yí i ká. Kò lúwẹ̀ẹ́ káàkiri bí èpìyà. Ojú kan ló máa ń dúró, ó kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀, ó ń dúró de ohun tí omi bá gbé wá. Nítorí náà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni èèyàn gbọ́dọ̀ gbà wá, láti ìsàlẹ̀ odò, jẹ́jẹ́, láìjẹ́ kí òjìji rẹ̀ bọ́ sórí omi. Mo máa ń kúnlẹ̀. Lórí òkúta, nínú omi tó dé itan, mo máa ń kúnlẹ̀ fún ẹja yìí. Lẹ́yìn ọjọ́ tí mo dọ̀bálẹ̀ fún àwọn ẹbí rẹ, mi ò rò pé mo tún fi ara mi sílẹ̀ fún nǹkan kan bẹ́ẹ̀ mọ́.

A kì í fi ekòló dẹ ẹ́. Kòkòrò tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe ni wọ́n ń lò: ìwọ̀ tó kéré ju èékánná Morẹ́nikẹ́ lọ, tí wọ́n fi òwú yí, tí wọ́n wá fi ìyẹ́ ọrùn àkùkọ wé mọ́ ọn kó lè léfòó bíi kòkòrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bà sórí omi. Bàbá àgbà kan tí mo bá létí odò ló kọ́ mi. Kò bi mí níbi tí mo ti wá títí di ìgbà kẹrin tí a pàdé. Ó ṣí àpótí kékeré kan, ó sì fi ìyẹ́ náà hàn mí, ni mo bá rí àkùkọ pupa ìyá mi tó ń yan káàkiri ẹ̀yìnkùlé. Orúkọ kòkòrò gidi tí wọ́n ń fara wé pọ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù máa ń gbé ìsàlẹ̀ omi fún oṣù púpọ̀, irú rẹ̀ míì á tó ọdún méjì, kó tó hu ìyẹ́, kó sì fò. Lẹ́yìn tó bá ti fò, kò ní ẹnu tó lè fi jẹun mọ́. Ọjọ́ kan tàbí díẹ̀ sí i ló kù fún un, ọjọ́ náà ló sì fi ń wá ìkejì rẹ̀.

Níti jíjù rẹ̀, okùn ló wúwo, kì í ṣe ìwọ̀. Okùn ni à ń jù, okùn náà ló ń gbé kòkòrò lọ. Wàá gbé ọ̀pá sẹ́yìn, wàá sì dúró kí okùn nà tán lẹ́yìn rẹ, kí o tó gbé e síwájú. Ìdúró yẹn ló pá mi lórí. Odindi oṣù kan ni mo fi ń kánjú, tí okùn ń wé mọ́ mi lọ́rùn. Níbi tí igi bá ti bo odò, kò sí ààyè ẹ̀yìn rárá, ńṣe ni mo máa ń fi ìka méjì di kòkòrò mú, kí n fa okùn títí ọ̀pá yóò fi tẹ̀ bí ọrun, kí n sì jẹ́ kó lọ bí ọfà.

Odò yìí ti kú rí, Àbẹ̀kẹ́. Nígbà tí ilé iṣẹ́ pọ̀ létí rẹ̀, gbogbo ẹ̀gbin ìlú ló ń bọ́ sínú rẹ̀. William Morris, gbajúgbajà oníṣẹ́ ọnà, gbé iṣẹ́ aṣọ rẹ̀ wá sí Merton ní 1881 nítorí omi rẹ̀. Aró gidi ni wọ́n ń rẹ aṣọ sí níbẹ̀, bíi ti àwọn aláró wa. Nígbà tó fi di àwọn ọdún 1960, ìjọba fúnra rẹ̀ kà á sí ojú gọ́tà. Kò sí tíráòtù kankan níbẹ̀ mọ́. Àwọn aládùúgbò ló wọ inú rẹ̀, tí wọ́n ń fa táyà àti kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù ṣọ́ọ̀bù jáde. Àwọn ọmọ ilé-ìwé sin ẹyin tíráòtù nínú kíláàsì, wọ́n sì kó àwọn ọmọ ẹja náà dà sínú odò. Ó padà. Mo fẹ́ kí o mọ èyí, nítorí ohun tí o sọ fún mi nípa omi Ọ̀ṣun kò kúrò lọ́kàn mi. O ní ó ti pọ́n bí omi ẹrẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń wa góòlù lókè odò, pé àwọn oníbàárà ń wo ẹja rẹ bí ẹni wo májèlé. Inú mi ń ru. Omi yẹn ló tọ́ ọ dàgbà. Bí àwọn tí wọ́n fi ọgọ́rùn-ún ọdún ba Wandle jẹ́ bá lè rí tíráòtù níbẹ̀ lónìí, kò sí ẹni tó lè sọ fún mi pé Ọ̀ṣun kò ní mọ́ mọ́.

Ọ̀gágun ojú omi kan, Nelson, ra ilé sí Merton lẹ́bàá odò yìí ní 1801. Ogun ti gba ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, síbẹ̀ ó ń fi ọwọ́ òsì ju irú okùn tí mò ń jù yìí. Ẹ̀ka odò tó gba inú ọgbà wọn kọjá, wọ́n sọ ọ́ ní Náílì, nítorí ogun kan tó ṣẹ́. Ní September 1805 ó fi Emma, olólùfẹ́ rẹ̀, sílẹ̀ nínú ilé náà. Ní 19 October ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà kan sí i nínú ọkọ̀. Ní 21, ó kú ní Trafalgar. Lẹ́tà náà dé ọwọ́ Emma, òun kò dé. Nígbà tí mo bá ń kọjá ní Merton lójú mọ́mọ́, mo máa ń yára rìn.

Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin nìyí. Mo dé ní June 2024, oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn tí ìjọba ibí ṣòfin pé òṣìṣẹ́ ìtọ́jú kò gbọdọ̀ mú aya àti ọmọ tẹ̀ lé ara wá mọ́. Oṣù mẹ́ta. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ lé e, o ti gbọ́ ọ tó.

Àárọ̀ ọjọ́ tí mo mú ẹja àkọ́kọ́ yẹn, iṣẹ́ òru ni mo ti bọ́. Ó gbé kòkòrò náà mì láìpariwo, omi kàn ṣí ẹnu díẹ̀, ó sì pa á dé. Mo fà á wá jẹ́jẹ́. Wọ́n ti kọ́ mi pé kí n kọ́kọ́ rẹ ọwọ́ mi sómi kí n tó fọwọ́ kàn án, kí ọ̀yọ̀ ara rẹ̀ má baà bó, nítorí ọ̀yọ̀ yẹn ló ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ àrùn. Ìwọ̀ náà kò ní ẹ̀gún, ó yọ wọ́rọ́. Mo dì í mú nínú omi, mo kọjú rẹ̀ sí ìṣàn, títí èémí rẹ̀ fi padà. Ó lọ. Mo wọ bọ́ọ̀sì. Oorun ń kùn mí, mo gbé ọwọ́ sójú láti fi nù ún, ni òórùn rẹ bá wọlé sí mi nímú.

Ìwọ ni, Àbẹ̀kẹ́. Kò le tó ti àrọ̀, kò sí èéfín nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ ni. Mo jókòó síbẹ̀ títí bọ́ọ̀sì fi kọjá ibi tí ó yẹ kí n ti bọ́ọ́lẹ̀.

Mo rántí ọjọ́ tí ọkọ̀ wa dúró ní Aṣéjìrè ní 2017, tí mo ń ná èpìyà lọ́wọ́ rẹ, tí o ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, ó ṣì ń mí.” Ìpẹ́ ẹja kan lẹ̀ mọ́ náírà igba tí o fi ṣe ṣéńjì fún mi. Mi ò ná owó náà. Ó wà nínú Bíbélì mi níbí, ìpẹ́ náà sì wà lára rẹ̀. Mo tún rántí nǹkan kan tí mi ò sọ fún ọ rí. Lálaalẹ́, kí o tó wọ yàrá, o máa ń fi ọṣẹ dúdú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ọwọ́ rẹ, o máa ń fọ̀ ọ́ títí awọ á fi fẹ́ẹ̀ bó, nítorí o rò pé òórùn ẹja kò yẹ kó bá ìyàwó dé orí ibùsùn. Kò lọ tán rí. Inú mi máa ń dùn pé kò lọ. Ọdún mẹ́fà ni mo fi dùbúlẹ̀ tì ọ́ tí mi ò la ẹnu sọ ọ́. Ẹ̀bi mi nìyẹn, kí o foríjì mí.

Èsì ìbéèrè rẹ nìyí, ó pẹ́ kó tó dé. Mi ò lọ sódò nítorí oúnjẹ. Mo lọ kí ọwọ́ mi lè rí bí ọwọ́ rẹ fún wákàtí díẹ̀. Ìyẹn ni mo ń mú bọ̀ wálé, mo sì ń fi ẹja sílẹ̀ kí n lè rí i bá lọ́jọ́ mìíràn.

Ní báyìí, odò ti tì, oṣù mẹ́fà ló wà níwájú mi. Ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá yóò padà sí Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo fi bébà funfun kan sínú àpòòwé, má wulẹ̀ kọ nǹkan kan sí i bí àyè kò bá sí. Lọ́jọ́ tí o bá ta ọjà tán, tí o ti ha èpìyà, tí o ti la àrọ̀, má fọwọ́ kan ọsàn wẹ́wẹ́ yẹn. Fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ méjèèjì tẹ bébà náà, kí o ká a, kí o sì lẹ̀ ẹ́ pa dáadáa.

Ọkọ rẹ,
Àkànní