Ohun Tí Wọ́n Sọ Sínú Agbọ̀n Mi

Ẹni tí ogun lé wálé, ohun tó pàdánù ló máa ń kà. Kì í rántí ka ohun tí wọ́n fún un. Bẹ́ẹ̀ ni tèmi rí nígbà tí mo dé Èjìgbò, ìlú wa ní Ọ̀ṣun, lọ́dún 2011. Treichville, l'Àbíjàn ní Côte d'Ivoire, ni mo ti ń tajà, níbi tí àwa ọmọ Èjìgbò pọ̀ sí bí ẹni pé ilé la wà. Ìdìbò ààrẹ ibẹ̀ ní 2010 láàárín Gbagbo àti Ouattara di ìjà. Nígbà tí ìbọn kò dákẹ́ mọ́, mo fi ìsọ̀ àti ọjà inú rẹ̀ sílẹ̀, mo wọ bọ́ọ̀sì. A la Gánà, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ kọjá. Báàgì kan ṣoṣo ni mo gbé wọ agboolé wa. Láti ìgbà náà, ẹni bá kí mi, ìtàn ìsọ̀ yẹn ni yóò gbọ́.

Ìwé ọmọdé ló là mí lójú. Àbíjàn ni wọ́n bí ọmọ-ọmọ mi sí. Faransé ló já gaara lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ fi í ránṣẹ́ sí mi. Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé rẹ̀, Baby Goes to Market, tó jáde ní 2017. Àtinúkẹ́, tí wọ́n bí n'Ìbàdàn, ló kọ ọ́. Angela Brooksbank ló ya àwòrán rẹ̀. Àwòrán yẹn ni àwa méjèèjì ń kà.

Nínú ìwé náà, ìyá kan pọn ọmọ, ó ru agbọ̀n lọ sọ́jà. Ọlọ́gẹ̀dẹ̀ fún ọmọ ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́fà: ó jẹ ọ̀kan, ó sọ márùn-ún sínú agbọ̀n. Ọlọ́sàn fún un ní márùn-ún: ó mu ọ̀kan, ó sọ mẹ́rin sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ṣinṣín, àgbàdo sísun àti àgbọn. Ìyá kò mọ̀. Ó ṣáà ń rí i pé ẹrù ń wúwo.

Ọmọ-ọmọ mi nawọ́ sí agbọ̀n náà: "Mama, kò mọ̀!"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ta ló ti sọ nǹkan sínú tèmi? Aládùúgbò tó sanwó ọkọ̀ mi ní Treichville. Àbúrò ọkọ mi tó kó ẹrù rẹ̀ kúrò nínú yàrá kí n lè rí ibi sùn. Ìyá onígàrí tó gbé ọjà fún mi láwìn lọ́jà Èjìgbò, tí kò béèrè onídùúró. Gàrí yẹn ni mo fi tún bẹ̀rẹ̀ òwò. Mo wá àwọn tó ṣì wà láàyè lọ, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá onígàrí ti kú; àwọn ọmọ rẹ̀ ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ọmọ inú ìwé náà jẹ ọ̀kan, ó fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹni tó pọ̀n ọ́n. Èmi náà ti wá ń ṣe bẹ́ẹ̀: obìnrin tó bá ti Àbíjàn dé lọ́wọ́ òfo, mo ń gbé gàrí fún un láwìn, láìbéèrè onídùúró.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ kékeré nílé, ẹ má jẹ́ kó dá ìwé rẹ̀ wò. Ẹ jókòó tì í, kí ó máa fi ìka hàn yín. Ọmọdé máa ń rí ohun tí ẹrù orí kì í jẹ́ kí àgbà rí.