Ẹ Yí Ẹja Wò Kí Ẹ Tó Sanwó

Ẹni tí ó bá ra ẹja àrọ̀ ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, láti fi se ọbẹ̀, kò ní í bèèrè akọ tàbí abo. Ṣùgbọ́n ti ẹni tí ó fẹ́ fi ṣe irú yàtọ̀. Ara abo ni à ń fún ẹyin jáde. Bí akọ bá kún ilé tí abo kò sí, kí ni a óò fún?

Opó kan ládùúgbò wa kó owó èésú, ó ní kí n sin òun lọ ra àrọ̀ mẹ́fà. Ìyá ẹlẹ́ja ní abo ló pọ̀ jù, nítorí ikùn wọn tóbi. Mo ní, "Ẹ má bínú, Ìyá, ẹja tí ó yó náà a máa yọ ikùn." A yí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítòsí ihò ìdí, akọ tí ó ti dàgbà ní ohun kékeré kan tí ó gùn ṣóńṣó síhà ìrù; ti abo rí róbótó. Márùn-ún jẹ́ akọ! Ìyá ẹlẹ́ja rẹ́rìn-ín, ó jẹ́ kí a ṣà títí a fi rí abo mẹ́ta.

Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Lẹ́bẹ́ ẹ̀yìn Clarias gùn dé ìtòsí ìrù. Ti Heterobranchus kúrú, lẹ́bẹ́ rírọ̀ kan sì tún tẹ̀ lé e.

Ẹ má tijú láti yẹ̀ ẹ́ wò. Owó tí a fi òógùn wá kì í ṣe ohun tí à ń dijú ná.