Pẹ́dà Kẹta

Àwa mẹ́ta la jọ ń gbé ilé kan náà ní Ilé-Ifẹ̀, a sì jọ ń ta ata. Kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín o. Ẹni tó bá ti gbé ilé akẹ́kọ̀ọ́ rí mọ̀ pé ata tútù tí wọ́n gbé wá bá ni lẹ́nu ọ̀nà kì í ṣe ohun àbùkù. Ìdájí la máa ń lọ sọ́jà Odò-Ògbè, a ó ra ata, tòmátò àti àlùbọ́sà, a ó dì wọ́n sínú ọ̀rá kéékèèké. Kí kíláàsì aago mẹ́jọ tó bẹ̀rẹ̀, a ti pín in tán.

Owó ọkọ̀ ló ń jẹ èrè wa. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti kéde pé kò sí owó ìrànwọ́ lórí epo mọ́, gbogbo ìgbà tí epo bá wọ́n sí i ni onítakisí wa náà ń fi kún tirẹ̀. Nígbà tí a jókòó ṣírò, a rí i pé òun ló ń jẹ ẹran, àwa ń lá ọbẹ̀. La bá kó gbogbo ohun tí a ní jọ, ó jẹ́ ₦1,400,000, a ní a ó ra ọkọ̀ tiwa.

Ibẹ̀ nìjà ti bẹ̀rẹ̀. Àwa méjì fẹ́ mánúà, a sì ní ìdí tiwa. Ọtomátíìkì tí owó yẹn lè rà á ti gbó, bí jíàbọ́ọ̀sì rẹ̀ bá sì kú, owó àtirọ́pò rẹ̀ lè fẹ́ẹ̀ tó owó ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ti mánúà rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kílọ́ọ̀ṣì ló máa ń jẹ tán jù, mẹkáníìkì àdúgbò sì lè pa á dà. Bí bátìrì bá rọ̀ lówùúrọ̀, ẹ ti ọkọ̀, ẹ fi sí jíà kejì, ẹ tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó ti ṣáná nìyẹn. Ká má sì parọ́, ó dùn ún wà. Èèyàn àti ọkọ̀ á jọ máa sọ̀rọ̀ ni.

Ẹnìkẹta wa kò wa mánúà rí, àfi ìgbà kan ṣoṣo tó lọ kọ́ ọ, tí ẹni tó ń kọ́ ọ pariwo mọ́ ọn títí ó fi sunkún sọ̀kalẹ̀. Ó bi wá pé, “Ṣé owó mi á wà nínú ọkọ̀, kí n wá máa jẹ́ èrò nínú rẹ̀?” A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló dùn ún ju ọ̀rọ̀ lọ. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni kò fi bá wa dé ọjà.

Màmá ọ̀kan nínú wa, tó ń gbé Iléṣà, ló là wá lórí fóònù. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ìjàpá ló fi ń lọ síbi iṣẹ́ nígbà tiẹ̀, Volkswagen kékeré tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ l'Ékòó ní ọdún 1975. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ni wọ́n bí mọ́ kílọ́ọ̀ṣì nínú yín? Ẹ má san kọ́bọ̀ lórí ọkọ̀ tí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá tíì jókòó sídìí ọwọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rà á, ẹ gbé òun àti ọkọ̀ wá bá mi.”

Òfin yẹn ló gbà wá. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí a rí pupa fòò, ọ̀pá èéfín rẹ̀ ń bú bíi kìnnìún. Owó ti fẹ́ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ àwa méjì. Bàbá mẹkáníìkì tó bá wa wá láti Modákẹ́kẹ́ fa hánbíréèkì, wọ́n tẹ kílọ́ọ̀ṣì, wọ́n fi jíà sí ẹ̀kẹta, wọ́n wá ń tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. “Bí kílọ́ọ̀ṣì bá ṣì lágbára, ó yẹ kí ẹ́ńjìnnì kú.” Kò kú. Ó kàn ń hó lọ ni. Jíà kejì sì ń han bí ọlọ. Nígbà tí ẹnìkẹta wa jókòó síbẹ̀, ìjókòó rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé kò rí iwájú dáadáa. A kí wọn, a padà sílé.

Èkejì jẹ́ Corolla tó dára gan-an, ṣùgbọ́n iye tí olówó rẹ̀ pè ju ti wa lọ fíìfíì. A dúpẹ́.

Golf 3 ni ẹ̀kẹta, irú èyí tí Volkswagen gbé jáde ní 1991. Ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá, éésì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, fèrèsé kan sì ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ kó tó gòkè. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá dán an wò ní jíà kẹta, ẹ́ńjìnnì kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ́ìlì rẹ̀ kò funfun bíi mílíìkì, èyí tí ì bá fi hàn pé omi ti wọ inú rẹ̀. Èéfín rẹ̀ kò ní àwọ̀ búlúù tó ń sọ pé ó ń jó ọ́ìlì. Jíà rẹ̀ ń wọlé bí ìgbà tí ọwọ́ ń wọ àpò. Ẹ̀yà ara rẹ̀ wà ní Gate n'Íbàdàn, ó wà ní Ládípọ̀ l'Ékòó. Àwa mẹ́ta jókòó síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ gbogbo wa dé pẹ́dà. ₦1,150,000 la rà á. Ìyókù la fi pa timing belt dà, torí olówó rẹ̀ kò rántí ìgbà tí ó ti pa á dà gbẹ̀yìn, a sì fi ṣe bíréèkì àti ìwé ọkọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀, má ná gbogbo owó rẹ tán lọ́jọ́ tí o rà á.

Ní Sátidé, a wà ní pápá ilé ẹ̀kọ́ kan n'Íléṣà. Màmá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. “Má tẹ tọ́ọ̀tù rárá. Tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí o sì fetí sílẹ̀. Níbi tí ohùn ẹ́ńjìnnì bá ti rẹlẹ̀, tí ọkọ̀ sì gbọ̀n díẹ̀, dúró síbẹ̀.” Ọkọ̀ kú lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Àwa méjì wà lábẹ́ igi máńgòrò, a kò rẹ́rìn-ín. Ní ẹ̀ẹ̀kejìlá, ó rìn.

Lọ́jọ́ kejì, a gba ọ̀nà Ẹfọ̀n Aláayè lọ, kìkì fún ìgbádùn. Bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè wọ̀nyẹn, jíà kejì di ọkọ̀ mú fún wa, bíréèkì sinmi. Ọwọ́ kò kúrò lórí jíà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rín kò kúrò lẹ́nu wa.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a kò lè gbàgbé ni àárọ̀ Wẹ́sidé kan ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè Ìtasẹ̀. Òun ló ń wa ọkọ̀, apẹ̀rẹ̀ tòmátò kún ẹ̀yìn. Ọ̀kadà kan dúró lójijì níwájú, takisí sì ti lẹ̀ mọ́ wa lẹ́yìn, ó ń fọn fèrè. Ó fa hánbíréèkì. Ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó fi sí jíà kìíní, ó fetí sílẹ̀. Ohùn ẹ́ńjìnnì rẹlẹ̀, ọkọ̀ gbọ̀n díẹ̀, ó fi tọ́ọ̀tù kún un, ó tú hánbíréèkì. A kò fi ìka kan padà sẹ́yìn. A gòkè.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú wa. Ìgbà tí a dé òkè ló tó wo ẹ̀yìn nínú dígí, ó ní:

“Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èrò.”