Owó Fàdákà Ìsàlẹ̀ Òkun Àti Ẹ̀tọ́ Aláìní

Wáàsí ọ̀sẹ̀ yìí, èmi ni mo kọ́kọ́ ń ṣe é fún.

Mo fẹ́ràn láti máa kó owó fàdákà àtijọ́ jọ. Inú ọkọ̀ ojú omi Spéìn kan tó ń jẹ́ El Cazador ni wọ́n ti rí èyí tí mo ní. Ní oṣù kìíní ọdún 1784, ọkọ̀ náà gbéra ní Veracruz ní Mẹ́síkò, ó ń kó owó fàdákà lọ sí New Orleans, nítorí pé owó bébà tí wọ́n ń ná níbẹ̀ ti di yẹpẹrẹ. Kò dé ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbúròó àwọn inú rẹ̀ mọ́. Àfi ní oṣù kẹjọ ọdún 1993, tí àwọ̀n ọkọ̀ apẹja kan há sí nǹkan nísàlẹ̀ òkun. Nígbà tí wọ́n fà á sókè, owó fàdákà ló ń dà jáde.

Ẹyọ 31 ni mo rà díẹ̀díẹ̀. Àwòrán Ọba Charles Kẹta wà lára wọn. Mo máa ń nù wọ́n, mo sì máa ń fi wọ́n han àlejò.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ mi obìnrin ti ilé kéú dé. Ó ní, "Bàbá mi, Àáfà kọ́ wa pé fàdákà ní sàká. Ṣé ẹ máa ń yọ ti àwọn wọ̀nyí?"

Ẹnu mi wọhò. Ọdọọdún ni mò ń yọ sàká owó tó wà ní báńkì. Ti inú àpótí yìí kò wá sí mi lọ́kàn rí.

Mo pe Àáfà wa. Wọ́n ní kí n wọ̀n wọ́n. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 800 gíráàmù. Fàdákà gidi inú rẹ̀ tó ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ìyẹn 720 gíráàmù. Òṣùwọ̀n tí sàká fàdákà fi ń di dandan sì jẹ́ nǹkan bí 595 gíráàmù. Ìdá kan nínú ogójì 720 jẹ́ 18. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n ti pé sọ́wọ́ mi, ó di 72 gíráàmù. Wọ́n ní bó bá jẹ́ pé mò ń tà wọ́n ni, iye tí wọ́n ń lọ lọ́jà ni ǹ bá wò.

Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀ sí owó, kò tó iye tí mo ra ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Nǹkan tí kò tó nǹkan ni mo fi di ajigbèsè aláìní fún ọdún mẹ́rin.

Nínú Sūratu Tawbah, āyah 34, Ọlọ́hun kìlọ̀ fún àwọn tó ń kó wúrà àti fàdákà pamọ́ láìná an sójú ọ̀nà Rẹ̀. Mo ti ka ibẹ̀ láìmọye ìgbà, mo rò pé àwọn olówó ńláńlá ló ń bá wí.

Ọba orí owó yìí kú ní 1788. Àwọn tó ń kó o lọ kò padà sílé. Ọdún 209 ló fi wà nísàlẹ̀ òkun láìṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Èyí tó wà nínú àpótí mi kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí ẹ̀tọ́ aláìní fi jáde nínú rẹ̀.

Kíkó ohun àtijọ́ jọ kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ ṣáà yẹ àpótí yín wò, ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ bi yín ní ìbéèrè. Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí ohun ìní wa di ẹlẹ́rìí takò wá. Āmīn.