Ẹ Má Kánjú Fa Ọmọ Ewúrẹ́

Leeds, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Nítorí àwọn ewúrẹ́ tó lóyún ní agbo ilé wa ní Fìdítì ni mo ṣe kọ̀wé yìí. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ̀bí fún ewúrẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìgbà tí kò yẹ kó fọwọ́ kàn án.

Ewúrẹ́ ilẹ̀ wa kúrú, oyún rẹ̀ a máa tó nǹkan bí 150 ọjọ́, ó sì sábà máa ń bí ìbejì. Ọmọ rẹ̀ kéré, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń bí láìsí ìrànlọ́wọ́. Ìnira máa ń dé nígbà tí ọmọ bá dábùú, tí orí rẹ̀ bá ṣẹ́ sẹ́yìn, tàbí tí ọmọ méjì bá fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà kan náà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá fa irú èyí láìyẹ̀ ẹ́ wò lè ya ilé ọmọ. Ẹ máa wo aago: bí ewúrẹ́ bá ti ń rọbí kíkankíkan fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 tí ohunkóhun kò yọ, ẹ gé èékánná, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi òróró tó mọ́ pa á, kí ẹ tó yẹ inú wò. Ẹsẹ̀ iwájú méjì àti imú tó gbé lé wọn lórí ló dára. Ẹ tọ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan dé àyà, kó má baà jẹ́ pé ti ọmọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ dì mú. Ìgbà tí ìyá bá ń tẹ̀ nìkan ni kí ẹ fà, kí ẹ sì darí rẹ̀ sísàlẹ̀. Ọwọ́ yín tóbi. Obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ kéré ló yẹ kó ṣe é, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ aláboyún, torí àwọn àrùn kan tó ń mú ewúrẹ́ ṣẹ́yún ń ran ènìyàn.

Ẹ lè ní àwọn ewúrẹ́ tó ń jẹ̀ káàkiri Ìlọrà kò ní agbẹ̀bí. Òótọ́ ni, òun ló sì fà á tí mo fi ní kí ẹ mú sùúrù. Ṣùgbọ́n ta ló ka àwọn tó kú? Ẹ tún lè ní owó dókítà ẹran á ju iye ewúrẹ́ lọ. Ó ṣeé ṣe, bí ẹ bá pè é fún gbogbo ìbímọ. Àwọn alágùntàn níhìn-ín fúnra wọn ló ń gbẹ̀bí fún ọ̀pọ̀ àgùntàn wọn. Ibi tí ọwọ́ wọn kò bá ti ká a mọ́ ni wọ́n ti ń pe dókítà. Bí ìrù nìkan lẹ bá fọwọ́ kàn, tàbí tí orí kò bá ṣeé tún ṣe, ẹ má bá a jà mọ́, ẹ pe dókítà. Ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́ tó gba Fìdítì kọjá náà ni Yunifásítì Ìbàdàn wà, ilé ìwòsàn ẹran sì wà nínú ọgbà wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra ìbọ̀wọ́ àti áyódíìnì tí ẹ ó fi pa ìwọ́ ọmọ, kí ẹ sì gba nọ́ńbà dókítà ẹran sílẹ̀ kí ọ̀kankan nínú àwọn ewúrẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí.

Èmi ni,
Àbúrò yín