Ìrìn Àjò Wa sí Alékúwodò, àti Ẹṣin Tí A Jẹ ní Gbèsè

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti gba ìlú Òṣogbo kọjá, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó ti dúró ní Alékúwodò láti wo ohun tí ó wà lẹ́yìn àwọn ilé rẹ̀. Àdúgbò náà kò jìnnà sí oríta Ọláìyá. Ilé àti ìsọ̀ kún un, ariwo ọkọ̀ kì í sì í dá níbẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Bí a bá tú orúkọ rẹ̀ wò, bí àdúrà ni ó rí: a-lé-ikú-wọ-odò. Ní oṣù tí ó kọjá ni a ti Iléṣà lọ síbẹ̀ nítorí ẹṣin kan tí a jẹ ní gbèsè.

Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ ohun tí a ṣe kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ. Nígbà tí àbúrò wa ọkùnrin ṣe ìgbéyàwó ní Iléṣà ní ọdún tí ó kọjá, àwa ni a dábàá pé kí ọkọ ìyàwó gun ẹṣin wọ inú àgbàlá. A háyà ẹṣin pupa kan pẹ̀lú ẹni tí ń fà á. Láti agogo 11 òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú ni gàárì wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn onílù ń lu ìlù sí i létí, àwọn ọ̀dọ́ sì ń gùn ún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ya àwòrán. A jẹ, a mu, a yọ̀. Nígbà tí a tú gàárì ní alẹ́, ẹ̀jẹ̀ wà lára aṣọ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ wa obìnrin, ẹni ọdún 11, bi wá léèrè pé, "Bàbá, ta ni ó fún un ní omi?" A kò rí èsì fún un, nítorí kò sí ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. A san owó ẹṣin, a sì lọ sùn.

Ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni a gbọ́ pé ẹni tí ó ni ẹṣin náà fẹ́ tà á fún alápatà, nítorí kò lè ru ènìyàn mọ́, àti pé bàbá kan ní Alékúwodò ti rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Dókítà ẹran tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ni bàbá náà. A mú ọmọ wa dání, a sì gbéra. Èrò wa ni pé a ó tọrọ ẹṣin náà, a ó sì mú un wá sí ilé wa, kí ọkàn wa lè balẹ̀.

Bí a ti ń lọ ní ojú ọ̀nà, a ń rò ó bí ẹṣin ti rìn dé ilẹ̀ wa. Láti òkè Ọya ni àwọn baba wa ti ń rà á. Agbára ẹlẹ́ṣin wà lára ohun tí ó sọ Ọ̀yọ́ Ilé di ìlú ńlá, nítorí inú ọ̀dàn ni ó wà. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti ń sọ̀kalẹ̀ wọ inú igbó, eṣinṣin kan ń bẹ tí àwọn Òyìnbó ń pè ní tsetse, tí í mu ẹ̀jẹ̀, tí í sì í gbin àrùn sí ara ẹṣin títí yóò fi rù, tí yóò sì kú. Ìdí nìyí tí ẹṣin fi pọ̀ lẹ́nu òwe àwọn ará Ìjẹ̀ṣà ju bí ó ti pọ̀ ní ìta wọn lọ. Òṣogbo ni ibi tí igbó àti ọ̀dàn ti fẹnu kanra. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ti ṣẹ́gun àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ní nǹkan bí ọdún 1840, ogun náà ni ó sì dá ìrìn wọn sí ìhà gúúsù dúró.

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sì tẹ̀ lé e, iṣẹ́ ogun àti ti ọ̀nà jíjìn bọ́ lọ́wọ́ ẹṣin. Ọ̀ṣọ́ ni ó kù fún un: Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí àwọn ìdílé balógun ti ń gun ẹṣin láti bọlá fún Awùjalẹ̀ ní ọjọ́ kẹta Iléyá, eré pólò, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wà ní Èkó láti 1904, ìsìnkú àwọn àgbà, àti ìgbéyàwó bí irú tiwa. Ẹṣin tí ó bá dàgbà nídìí pólò a máa bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí ń fi í gba owó létí òkun. Bí ó ti ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì ni iye rẹ̀ ń dínkù, bẹ́ẹ̀ ni ìtọ́jú rẹ̀ ń dínkù pẹ̀lú.

Ẹ̀yìn ilé bàbá náà fẹ̀ ju bí ènìyàn ti lè rò láti ojú títì lọ. Igi máńgòrò ṣíji bò ó, ilé ẹṣin tí a fi pákó àti páànù kọ́ sì wà lábẹ́ rẹ̀. A dọ̀bálẹ̀, ọmọ wa kúnlẹ̀, bàbá sì mú wa lọ wo ẹṣin. A kò kọ́kọ́ dá a mọ̀. Egungun ìhà rẹ̀ tí ó hàn gbangba ní ọjọ́ ìgbéyàwó ti bò, irun rẹ̀ sì ń dán. Àmì kan ṣoṣo ni a fi mọ̀ ọ́n: níbi tí gàárì ti jẹ ẹ́ ní ẹ̀yìn, irun funfun ni ó hù níbẹ̀. Bàbá wí fún wa pé bí egbò gàárì ti í rí nìyẹn, pé irun pupa kò ní í padà sí ojú ibẹ̀ mọ́.

A bi í léèrè ohun tí ó ṣe. Ó ní ohun tí òun kò ṣe ni ó ṣáájú: òun kò bu ọkà fún un. Ẹṣin tí ebi ti pa pẹ́, bí a bá da ọkà púpọ̀ sí iwájú rẹ̀ nítorí àánú, àánú náà lè pa á, nítorí ara rẹ̀ kò ní agbára láti gba oúnjẹ tí ó wúwo lójijì. Bẹ́ẹ̀ ni ẹṣin kò lè bì bí ajá ti í bì. Ohun tí ó bá gbé mì ti wọlé nìyẹn, inú rírun sì lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Koríko ni bàbá fi bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ní ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín ọjọ́ kan, pẹ̀lú iyọ̀ àti omi mímọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ó tó fi eèrí díẹ̀ kún un. Omi kò gbọdọ̀ wọ́n, nítorí ẹṣin kan lè mu tó lítà 25 sí 40 lóòjọ́.

Lẹ́yìn èyí ni ó gé pátákò tí ó ti gùn jù, ó fún un ní oògùn aràn, ó sì fi ayùn irin tẹ́ eyín rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò sin ẹṣin rí lè má mọ̀ pé eyín rẹ̀ kì í ṣíwọ́ yíyọ títí di ọjọ́ ogbó, àti pé etí eyín náà a máa mú bí ọ̀bẹ, a sì máa gé e ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ nígbàkigbà tí a bá fa ìjánu. A pè é ní ọlọ́tẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé ìrora ni ó ń sá fún.

Ara ti yá, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò tíì lọ. Èyí ni iṣẹ́ tí ó gba àkókò jù. Nígbà tí bàbá ń sọ̀rọ̀ yìí, a gbé ọwọ́ sókè láti tún fìlà wa ṣe. Lójú kan náà ni ẹṣin ta sẹ́yìn, etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ orí, ojú rẹ̀ sì là. Ojú tì wá. Bàbá rọra wí pé, "Má bínú sí i, ọmọ mi. Ọwọ́ tí ó bá ti lọ sókè, pàṣán ni ó rò pé yóò tẹ̀ lé e."

Ó ní ní ìbẹ̀rẹ̀, òun a gbé àga lọ sínú ọgbà náà ní òwúrọ̀, òun a kọ ẹ̀yìn sí ẹṣin, òun a sì máa ka ìwé ìròyìn fún wákàtí kan. Òun kò pè é, òun kò sì wò ó. Ní ọjọ́ kejìlá ni ẹṣin wá mí sí òun ní ọrùn. Láti ìgbà náà ni ó ti ń tọ̀ ọ́ láti ẹ̀gbẹ́ èjìká, nítorí ojú ẹṣin wà ní ìhà orí rẹ̀ méjèèjì. Kò rí ohun tí ó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an, bẹ́ẹ̀ ni kò rí ohun tí ó kàn án níwájú orí. Ẹni tí ó bá yọ sí i láti ibẹ̀ dàbí olè lójú rẹ̀.

Nígbà tí ó kan okùn, bàbá a fà á díẹ̀, kò sì ní í já a. Bí ẹṣin bá ti gbé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tọ̀ ọ́, a dẹ okùn náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Dídẹ okùn yìí ni ẹ̀kọ́ náà, nítorí ibẹ̀ ni ẹṣin ti ń mọ̀ pé ohun tí òun ṣe tọ̀nà. Ìlù ni ó fi parí. Ọmọ ọmọ rẹ̀ a máa lu gángan jẹ́jẹ́ ní ọ̀kánkán nígbà tí ẹṣin bá ń jẹun, ní ọ̀la a sún mọ́ ọn díẹ̀ sí i, títí ìlù àti oúnjẹ fi di ọ̀rẹ́ nínú ọkàn ẹṣin náà. Bí ó bá sì jẹ́ pé inú bàbá kò dùn ní òwúrọ̀ kan, kì í wọ inú ọgbà náà rárá. Kì í ṣe ọgbọ́n tuntun. Xenophon ará Gíríìkì ti kọ ọ́ sílẹ̀ ju 2,300 ọdún lọ sẹ́yìn pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìbínú tọ ẹṣin lọ.

A bi bàbá bóyá gbogbo ẹṣin ni ó ṣe é gbà là. Ó mi orí. Ó sọ ìtàn Dorothy Brooke fún wa, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì tí ó dé ìlú Cairo ní Íjíbítì ní 1930. Ó bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹṣin tí àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ rẹ̀ ti lò ní Ogun Àgbáyé Kìíní, tí wọ́n sì tà sílẹ̀ nígbà tí ogun parí. Wọ́n ti gbó, wọ́n sì ń fa ẹrù ní ojú pópó. Ní 1931 ó kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn Morning Post ní Lọ́ńdọ́nù, àwọn ènìyàn sì fi owó ránṣẹ́. Ó ra nǹkan bí 5,000 ẹṣin láàárín ọdún mẹ́ta. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ohun tí ó sì lè ṣe fún wọn ni ìsinmi díẹ̀ àti ikú tí kò ní ìrora. Ní 1934 ó dá ilé ìwòsàn ẹran sílẹ̀ ní Cairo, ẹgbẹ́ tí ó ti inú rẹ̀ jáde sì ń ṣiṣẹ́ títí di òní ní ilẹ̀ púpọ̀, títí kan Senegal ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wa níhìn-ín.

Nígbà náà ni a sọ ohun tí ó gbé wa wá. A ní kí bàbá jọ̀wọ́ fún wa ní ẹṣin náà. Kò kọ̀ fún wa lójú ẹsẹ̀. Ìbéèrè ni ó bi wá. Níbo ni a ó ti rí koríko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Ẹran wo ni yóò máa bá a gbé, nítorí pé agbo ni ẹṣin ń gbé, àdáwà a sì máa ba ọkàn rẹ̀ jẹ́? Ta ni yóò fún un ní omi nígbà tí a bá rìnrìn àjò? Ẹṣin lè lo ọdún 25 sí 30 láyé. Nígbà tí kò bá lè ru ọmọ wa mọ́, kí ni a ó fi í ṣe?

A wo ara wa. Kànkéré ni gbogbo àgbàlá wa ní Iléṣà, a kì í sì í lo oṣù kan nílé láìrìnrìn àjò. Bàbá wí pé, "O fẹ́ mú un lọ kí ọkàn ìwọ lè balẹ̀. Tirẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ rò." Ó ní àgbẹ̀ kan ní ọ̀nà Ìkìrun ni yóò jẹ́ alágbàtọ́ rẹ̀, ẹni tí ó ní pápá koríko àti ẹṣin mìíràn. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé pé kò gbọdọ̀ tà á, àti pé bí ó bá sú u, ọ̀dọ̀ bàbá ni kí ó dá a padà sí.

Ó dùn wá, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni. A bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí a san owó koríko ẹ̀ẹ̀rùn kan, ó sì gbà. Nígbà tí a ń bá a sọ̀rọ̀, ọmọ wa ti lọ sí ẹnu kànga. Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi dé ẹ̀bá ọgbà, ó dúró ní ẹ̀gbẹ́, ó rẹ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kò sì sọ ohunkóhun. Ẹṣin náà dúró pẹ́, ó ń wò ó. Lẹ́yìn náà ni ó rìn wá, ó sì mu omi náà tán.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá fẹ́ háyà ẹṣin fún ìnáwó yín, ẹ kọ́kọ́ gbé aṣọ ẹ̀yìn rẹ̀ sókè kí ẹ wò ó. Bí egbò bá wà níbẹ̀, ẹ dá a padà. Ẹ má ṣe gùn ún ju wákàtí kan lọ kí ẹ tó tú gàárì rẹ̀. Ẹ wá ibòji àti omi fún un kí ẹ tó wá àga fún àlejò. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ènìyàn tí ó ti mutí gùn ún. Ìwé Mímọ́ kọ́ wa pé olódodo a máa ro ti ẹ̀mí ẹran rẹ̀. A sì rántí Báláámù, ẹni tí ó na kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ nígbà mẹ́ta, láìmọ̀ pé ẹ̀mí òun ni ẹran náà ń gbà là.

Nígbà tí a ń padà sí Iléṣà ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ wa sùn lé wa léjìká. Apá bọ́kẹ́ẹ̀tì ti fi àmì sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Kí Olúwa fún gbogbo ilé wa ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Àmín.