Àfọwọ́fà Ni Ti Ojú Mi

Ojú òsì mi kò ríran mọ́. Kò sẹ́ni tó ṣe mí. Èmi ni mo ṣe ara mi.

Ó pẹ́ tí àtọ̀gbẹ ti wà lára mi, mo sì mọ̀ pé alátọ̀gbẹ kì í fi eéwo ṣeré. Síbẹ̀, nígbà tí eéwo ńlá kan sọ mí lẹ́yìn, ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì ni mo gbà lọ. Mo ra Ampiclox, oògùn apakòkòrò, bí mo ṣe máa ń rà á tipẹ́: ọ̀fun dùn mí, kápúsù, inú run mí, kápúsù, bí ara bá sì ti fúyẹ́, màá kó ìyókù pamọ́ de àìsàn mìíràn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, bá mi wí títí. Wọ́n ní oògùn tí a kò lò pé ń pa èyí tó rọ̀ nínú kòkòrò, á fi èyí tó le sílẹ̀ kó máa bímọ. Mo dá wọn lóhùn pé kò sí nọ́ọ̀sì tó mọ ara mi jù mí lọ. Ìgbéraga ni.

Eéwo náà rọ̀ díẹ̀. Mo dá kápúsù dúró. Kò pẹ́ tí òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi lálaalẹ́, mo ní ibà ni, mo ra oògùn ibà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú òsì pọ́n, ó ń ro mí, ó sì ń ṣe bàìbàì. Mo ní Àpólò ni. Ẹ mọ Àpólò, àrùn ojú tí àwọn èèyàn fi orúkọ ọkọ̀ tó gbé èèyàn lọ sí òṣùpá lọ́dún 1969 pè, torí pé ọdún yẹn ló jà nílẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n Àpólò máa ń ràn, ó sì sábà máa ń mú ojú méjèèjì. Tèmi kò ran ẹnikẹ́ni nínú ilé, ojú kan ṣoṣo ló sì mú. Mi ò ro ìyẹn rárá. Ìyàwó mi bẹ̀ mí pé ká lọ rí dókítà lálẹ́ náà. Mo ní ó di ọ̀la. Mo kán oògùn sójú, mo sùn.

Ilẹ̀ mọ́. Ojú òsì kò rí nǹkan kan.

Dókítà ojú rí ọyún tó gbára jọ sísàlẹ̀ ẹyinjú. Ó bi mí bóyá egbò tàbí eéwo wà lára mi. Inú bí mi: kí ló kan ojú kan ẹ̀yìn? Ó ní kòkòrò ti inú eéwo bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì gbé e dé inú ojú. Endophthalmitis lorúkọ àrùn náà. Ọyún inú ẹ̀dọ̀ tàbí àrùn ọ̀nà ìtọ̀ náà lè fà á, àwọn alátọ̀gbẹ ló sì máa ń bá jà jù. Oògùn kíkán kì í ràn án, torí inú ẹyinjú lọ́hùn-ún ni kòkòrò wà. Inú ẹyinjú náà ni wọ́n gún abẹ́rẹ́ sí.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé MRSA ni, kòkòrò tí Ampiclox kò lè pa. Ó lè ti ara ẹlòmíràn ran èèyàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n irú àṣà mi ló ń bọ́ ọ dàgbà. Alexander Fleming, tó ṣàwárí penisilín, ti kìlọ̀ nípa oògùn tí kò tó ìwọ̀n lọ́dún 1945, nígbà tó gba ẹ̀bùn Nobel. Kì í ṣe ẹnu ẹ̀gbọ́n mi ló ti bẹ̀rẹ̀.

Oògùn vancomycin tí wọ́n fà sí mi lára gba ẹ̀mí mi là. Kò gba ojú náà là.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àtọ̀gbẹ, tí ẹ ní eéwo tàbí tí ara yín ń gbóná, bí ojú kan bá pọ́n, tó ń ro yín, tí kò sì ríran dáadáa mọ́, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ sọ gbogbo oògùn tí ẹ ti lò fún dókítà, ẹ má fi ọ̀kankan pamọ́.